Òkè Tí Bándélé Fẹ́ Fi Ọmọ Rẹ̀ Gbà

Àwọn tó mọ̀ wá máa ń sọ fún àlejò pé ìfẹ́ ló so èmi àti Jọmílójú pọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ tán. Ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ìbínú náà wà níbẹ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jí láàárọ̀.

Orúkọ mi ni Micah Ògúnjìnmí, àgbẹ̀ kòkó ní Ìfẹ̀wàrà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó tẹ̀lé bàbá mi lọ sóko. Ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo kọ́kọ́ rí Jọmílójú. Òun àti ìyá rẹ̀ wá láti Òṣogbo láti kí Ìyá Ìbíjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń gbé nínú agboolé wọn ní Ìfẹ̀wàrà. Wọ́n ń lu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gbé wá ní gbàǹjo, ọmọbìnrin yìí sì ń fi owó lé e. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé e. Nígbà tí ìjọ rí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ara mi ni mo ń bá a dù, ẹ̀rín sọ. Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá mi níta, ó bi mí bóyá mo ti kábàámọ̀ ohun tí mo fún Ọlọ́run. Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ kó máa wo ibi tí mo wà ni.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ó padà sí Òṣogbo, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lọ́dọ̀ wa. Àfi kéèyàn gun òkè ìdílé wa tó wà lẹ́yìn oko kòkó kó tó gbọ́ ohùn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gùn ún. Bàbá mi ní obìnrin tó lè mú ọkùnrin gun òkè lẹ́yìn iṣẹ́ oko, kí n tètè lọ fẹ́ ẹ kí orúnkún mi tó yẹ̀. Bí a ṣe lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Dàda Estate, Òṣogbo, nìyẹn.

Bándélé ni bàbá Jọmílójú. Àgbà ni, ó yẹ kí n máa pè é ní wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni nílé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nígbà yẹn. A ti ránṣẹ́ sí i ṣáájú, ó sì ní ká máa bọ̀. Bàbá mi, àbúrò wọn kan, àti èmi la lọ. Nígbà tí a débẹ̀, òun nìkan la bá lórí àga. Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò, kò sí ìyàwó ilé kankan. Ìyá Jọmílójú dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí ẹni pé àlejò làwọn náà. Bàbá mi rọra bi í bóyá ká dúró de ẹbí. Ó ní òun ni ẹbí.

A dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá ń tọrọ ọmọ kì í ka ọdún orí. Òun ló ń fi àyà balẹ̀, àwọn tó bí ọmọ ló sì ń sọ pé kó dìde. Bàbá mi ju Bándélé lọ dáadáa, síbẹ̀ wọ́n nà gbọọrọ lórí táìlì rẹ̀, fìlà wọn lọ́wọ́.

Kò sọ pé ká dìde. Bí a ṣe wà nílẹ̀ ló ti ń bi wá ní ìbéèrè, níbo ni mo kàwé dé, irú ilé wo ni mò ń gbé. Bàbá mi ń dáhùn, àgbọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Nígbà tó gbọ́ tán, ó ní òun ò lè fi ọmọ òun fún ẹni tí ìwé mẹ́fà ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ orí wa kọjá. A gbọ́ nígbà tí mọ́tò rẹ̀ jáde ní géètì. A ṣì wà nílẹ̀. Ìyá Jọmílójú ni wọ́n sáré wá, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n di bàbá mi lápá mú pé kí wọ́n dákun, kí wọ́n dìde, kí wọ́n má jẹ́ kó di èpè.

A jáde, a lọ sí Old Garage. Ibi tí a ti ń dúró de mọ́tò Iléṣà ni wọ́n ti yíjú sí mi.

"Micah, tó o bá gbàgbé èyí, ìwọ lo gbàgbé. Èmi ò ní gbàgbé."

Wọn ò gbàgbé títí wọ́n fi kú. Èmi náà ò gbàgbé. Jọmílójú pè mí, mi ò gbé e. Ó pè, ó pè, títí ó fi ṣíwọ́. Mo ní kí ni mo fẹ́ bá ọmọ ọkùnrin yẹn sọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi á mú mi gun òkè, fóònù á wà lápò mi, mi ò sì ní pe ẹnikẹ́ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára lọ sáwọn ìlú kéékèèké wá sí Ìfẹ̀wàrà. Wọ́n yí gbogbo ìlú ká pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwòran wọn, wọ́n ní orí òkè kan ṣoṣo ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dúró sí tí ìlú àti àwọn abúlé oko á fi rí i mú. Ibòmíràn, òkè á dí i lójú. Òkè wa ni. Èmi ni wọ́n sì fi ilẹ̀ ìdílé síkàáwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá, mò ń tú kòkó sórí ẹní níwájú ilé. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò wọn. Jọmílójú ni. Òun ni ilé-iṣẹ́ náà máa ń rán sí àwọn ará ìlú láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́, bí ẹni tí kò rí mi rí. Àwọn tó kù ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́. Mo bi wọ́n ta ló mú wọn wá. Wọ́n ní alága ẹgbẹ́ ọmọ Ìfẹ̀wàrà tó wà ní Òṣogbo ni, Ọ̀gá Bándélé. Mo ní kí wọ́n padà lọ sọ fún un pé ọmọ Ògúnjìnmí ní rárá.

Nígbà tí wọ́n ń wọ mọ́tò, Jọmílójú dúró lẹ́yìn.

"Láti ọjọ́ yẹn," ó ní, "ṣé fóònù rẹ bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́."

"Etí rẹ ńkọ́?"

Mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí òrùka níbẹ̀. Ó rí mi tí mò ń wò ó, ó ti ọwọ́ bọ báàgì.

Láti ọjọ́ yẹn, ìlú ò jẹ́ kí n sinmi. Àwọn olùkọ́ ní àwọn ọmọ ń lọ ṣe ìdánwò ní Iléṣà nítorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nọ́síràtù tó ń ṣe POS ní ìkòríta máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè lórí àpótí bí ẹni tó ń bẹ òjò, kó tó lè fún oníbàárà lówó. Tí mo bá ń kọjá, á kígbe pè mí níwájú èrò. Á ní, "Micah, òkè rẹ ti jókòó lé ọjà mi lórí o. Sọ fún un kó dìde." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, màá sì bá tèmi lọ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n ti pinnu láàfin pé lọ́jọ́ tí òpó náà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n máa fi Bándélé joyè, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára ògiri ìdí òpó. Mo ní kó máa retí.

Òun fúnra rẹ̀ ò jẹ́ wá. Nọ́síràtù kan náà ló rán sí mi. Ó wá jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bá mi ṣa kòkó tí kò dáa kúrò lórí ẹní, ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́ kó tó lanu.

"Ó ní kí n ṣe alárinà," ó ní. "Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́, ká fi sílẹ̀. Kí o wá fẹ́ Jọmílójú."

Ọwọ́ mi dúró. Mo bi í pé kí ló dé nísinsìnyí.

"Àbí o ò mọ̀ ni? Àna kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni ká ní a ò fún un. Tó bá ti di àna rẹ, òkè ti di tirẹ̀ nìyẹn. Wàláhì, ọkùnrin yẹn gbọ́n."

Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Mo sì rò ó. Bí mo bá ní mo gbà, màá ní obìnrin tí mo ti ń fi ọkàn pè láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún dé, màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bándélé. Ọmọ dé, màá lọ dọ̀bálẹ̀. Òun náà á fi ìlẹ̀kẹ̀ oyè sọ́rùn, á jókòó sórí ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀. Bí mo bá ní mi ò gbà, òkè wà, Jọmílójú lọ. Nígbà tó yá, ọ̀nà kẹta wá sí mi lọ́kàn, ó dùn mọ́ mi. Mo ní kí Nọ́síràtù sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ lórí sàréè bàbá mi.

"Tó bá wá ńkọ́?" ni Nọ́síràtù bi mí.

"Màá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, màá lọ sóko."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbọn ìdí ìró rẹ̀, ó lọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé Jọmílójú mọ̀? Ṣé òun ló ní kí bàbá rẹ̀ ránṣẹ́? Àbí iṣẹ́ ló ń ṣe, tí èmi kàn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ tó ń lọ tù lójú? Mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo, mo pè é láti Old Garage. Ó gbé e kíá, ó ní òun rò pé ẹnì kan ló jí fóònù mi. Ó wá bá mi ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀. Ó gbé ìgò sílẹ̀.

"Ìwọ wá ńkọ́? Kí lo ní kí Nọ́síràtù sọ fún wọn?"

"Pé kó wá dọ̀bálẹ̀ lórí sàréè bàbá mi ná."

"Ìyẹn ni pé o gbà, iye ni ẹ ò tíì jọ sọ." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ẹ̀yin méjèèjì ń ná mi, Micah, ẹ ò sì pè mí sí ọjà."

Ó wá sọ ohun tí mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí a wà nílẹ̀ yẹn, inú yàrá lòun wà, bàbá rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò bá bàbá rẹ̀ jẹun lórí tábìlì kan náà mọ́. Gbogbo ọkùnrin tí bàbá náà ń mú wá, àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ, ó ń fún wọn ní omi mu, ó ń sìn wọ́n dé géètì, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má padà wá. Ó ní tí mo bá rò pé èmi nìkan ni mo lè di nǹkan sínú, mi ò tíì rí nǹkan kan.

"Tó o bá fi òkè yẹn gbà mí, mi ò ní wá," ó ní. "Tó o bá sì fi du gbogbo ìlú nítorí bàbá mi, mi ò ní wá. Lọ yanjú òkè rẹ. Lẹ́yìn náà, wá bi èmi bóyá mo fẹ́ ọ."

Ó sanwó ọtí ara rẹ̀, ó lọ.

Inú mọ́tò ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ Bándélé ọjọ́ náà tún ń dún létí mi, pé òun ni ẹbí. Mi ò dúró nílé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbíjọkẹ́ ni mo gbà lọ. Wọ́n ń bẹ kókò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ro ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n rò ó tán. Ó yà mí lẹ́nu pé wọn ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

"Ta ló jókòó tì í lọ́jọ́ náà?"

"Òun nìkan, ìyá. Ó ní òun ni ẹbí."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn mi fi bó, mi ò sí nínú ẹbí." Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró. "Micah, kò tíì sí ẹni tó dá ọ lóhùn. Ọkùnrin kan kì í jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ kó fọmọ fọ́kọ, kò sì lè jókòó níbẹ̀ kó fi du ọkọ. Ẹbí ló ń gba ìdọ̀bálẹ̀. Èyí tí bàbá rẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ lásán ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbà tó o bá múra tán, kó àwọn èèyàn rẹ wá síbí."

Mo rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀, tí wọ́n sì fi igi lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ ìpàdé ìlú láàfin, mo dìde. Mo ní ìdílé Ògúnjìnmí fi ibi tí òpó máa dúró sí lórí òkè sílẹ̀ fún ìlú, kì í ṣe fún alága ẹgbẹ́ kankan. Mo ní ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí wọ́n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nọ́síràtù oníPOS ni kó ṣí i, nítorí òun ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti fìyà jẹ jù. Ààfin rẹ́rìn-ín títí. Kábíyèsí náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Ọ̀rọ̀ oyè Bándélé wá di ìgbà tó bá yá. Ẹni tó wá láti Òṣogbo sọ pé kò jẹun lọ́jọ́ tó gbọ́. Èmi jẹun yó.

Jọmílójú wà lórí òkè pẹ̀lú àwọn tó ń so wáyà nígbà tí mo lọ bá a. Mo ní mo ti yanjú òkè. Ó ní òun gbọ́, wọ́n ní mo ti fi Nọ́síràtù ṣe gómìnà. Mo wá bi í bóyá ó fẹ́ mi. Ó jẹ́ kí n dúró sínú oòrùn.

"Ṣé nítorí mi lo ṣe fi òkè sílẹ̀, àbí kó lè dun bàbá mi?"

"Kó lè dùn wọ́n ni."

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo pe bàbá rẹ̀ ní wọ́n nìyẹn, nítorí òun. Ó wò mí pẹ́, ẹ̀rín wá sí i lẹ́nu. Ó ní ká ní mo sọ pé nítorí òun ni, òun kì bá gbà, nítorí irọ́ ni ì bá jẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tí mo bá pè ọ́ láti òní lọ, wàá gbé e?"

Mo ní màá gbé e.

Ọjọ́ ìdána wa, agboolé wọn kún. Òpó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn lókè òkun. Ìyá Jọmílójú wá láti Òṣogbo. Bándélé ò wá. Ó ránṣẹ́ pé láìsí òun, kò sí ìdána, kí wọ́n dúró dìgbà tí òun bá ráyè. Ìyá Ìbíjọkẹ́ ní kí wọ́n gbé àga rẹ̀ kúrò, ẹsẹ̀ ò ní rí ibi tí yóò gbà. Èmi àti àwọn èèyàn mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí tó pé, àyà mi ò tíì délẹ̀ dáadáa tí wọ́n fi ní ká dìde. Wọ́n gbàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu àgbà dé ẹnu ọmọdé.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni fóònù Jọmílójú dún. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú Bándélé sì jáde, ó mọ́ rekete, a rí pálọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ni bàbá ọmọ, àdúrà òun ló kù. Kí wọ́n gbé fóònù sórí àga, kí Micah wá dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, kí òun lè súre.

Gbogbo ojú yí sí mi. Àbúrò bàbá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà. Ìyá Jọmílójú ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé tí mo bá yí ẹ̀yìn padà, wọ́n lè ní ìdána ti bàjẹ́, n ó sì pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún mọ̀ pé ara mi ò ní tẹ̀. Jọmílójú di fóònù mú, kò sì sọ fún mi pé kí n ṣe é, kò sọ pé kí n má ṣe é. Mo dúró bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbíjọkẹ́ na ọwọ́, wọ́n gba fóònù.

"Bándélé."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹbí ti gbàdúrà. Ó ti parí. Àmín ló kù tìẹ."

Gbogbo agboolé ń wo fóònù. Ẹlòmíràn rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Kò já. A ń rí i tí gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó lè pa fóònù, ṣùgbọ́n tó bá pa á, òun ni bàbá tí kò ṣe àmín sí àdúrà ọmọ rẹ̀, níṣojú gbogbo ẹbí àti àwọn tó wà lókè òkun. A dúró dè é.

"Àmín," ó ní.

"Kò dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa," ni Ìyá Ìbíjọkẹ́ wí, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa.

Ó tún un ṣe, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n dá fóònù padà fún ọmọ. Bándélé ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tún lanu. Jọmílójú ló tẹ̀ ẹ́ pa, kì í ṣe èmi. Ó fi fóònù sínú báàgì, ó di ọwọ́ mi mú, a lọ jókòó.